Aro ni mo ń gbé, orí mi sì pé: ìbéèrè yín lórí Abẹ́òkúta

Ìbéèrè lórí Abẹ́òkúta ló pọ̀ jù nínú èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, àwọn kan fi fóònù tẹ̀ ẹ́, àwọn kan fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé bíi tayé àtijọ́. Mẹ́rin la mú. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba ààyè jù, ẹ̀yin yòókù ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló gùn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n gbé ọkọ mi wá síbi iṣẹ́ l'Abẹ́òkúta la bá gba ilé sí Aro, ilé náà dáa, owó ẹ̀ ò sì ga bíi ti Ìbarà. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé mi ò lè dárúkọ ibi tí mò ń gbé kí wọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mo bá pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn, "ṣé wọ́n ti dá ẹ sílẹ̀?" ni wọ́n fi ń kí mi. Ọmọ mi ọkùnrin gan-an, Aro ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí ọsibítù àwọn tórí wọn dàrú yìí tó débẹ̀, kí ló wà l'Aro? Ìyá Dàmọ́lá, Aro

Ìyá Dàmọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń rín ẹ̀rín yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹni tí ò mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta rárá, tọ́mọ ẹ̀ bá ti ń ṣe ràdàràdà, "mà á gbé ẹ lọ Aro" ló máa jáde lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n Aro ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìlú kí dókítà kankan tó gbé síríǹjì débẹ̀, ẹnu ibodè ni.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé 1830 làwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ òkúta Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀ lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Ẹni tí ogun bá lé débì kan kì í fojú kékeré wo odi, wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí i nídìí, wọ́n wá ń ṣí ẹnu ibodè sí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ti Aro wà lápá gúúsù sí ìwọ̀ oòrùn, apá ibi tí ogun Dàhómì máa gbà wọlé tó bá wá. Ó sì wá lóòótọ́.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851 ni. Ọba Gezo ti Dàhómì ló rán wọn. Ìlú Ìṣàgà ni wọ́n kọ́kọ́ kàn lọ́nà, àwọn ará Ìṣàgà bá wọn mulẹ̀, wọ́n ṣe bí ọ̀rẹ́, wọ́n wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Wọ́n ní ẹ má lọ lóru o, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, ẹnu ibodè Aro sì ni kẹ́ ẹ gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá lábẹ́lẹ̀ pé àlejò ń bọ̀! Odi apá ibòmíì ló ti bàjẹ́, ti Aro ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtúnṣe ni. Nítorí náà ibi tó le jù làwọn Dàhómì fi orí sọ, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tó ti rẹ̀ wọ́n, tí ọ̀nà jíjìn ti lù wọ́n pa.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yẹn rèé. Àwọn Ẹ̀gbá ò kọ́kọ́ mọ̀ pé obìnrin wà nínú àwọn tó ń gun odi bọ̀ wá bá wọn. Wọ́n kàn ń rí jagunjagun tí ẹ̀rù ò bà, tí ìbọn ò dá padà. Ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tá ṣe, ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni. Haà! Ọ̀rọ̀ yẹn tàn dé gbogbo orí odi kíá, ojú ti àwọn ọkùnrin, ìtìjú yẹn ló sì tún fún wọn lágbára, wọ́n lé wọn padà. Dàhómì ò gbàgbé ohun tí Ìṣàgà ṣe fún un o, 1862 ló padà wá run ìlú náà. Ó tún dojú kọ Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀ ní 1864 lábẹ́ ọba Glele, wọ́n tún fìyà jẹ ẹ́. Ọdún 1864 yẹn náà ni wọ́n fi Madam Tinúbú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, obìnrin tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó ní 1856 tó wá ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Ohun tí odi Aro fi lókìkí nìyẹn, ìyá Dàmọ́lá. Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ orin pé ẹnìkan ò lè kó Abẹ́òkúta, ojúde yín ni wọ́n ti jà á.

Ó wá ku ọsibítù. Àwọn èèyàn rò pé Aro ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, rárá o, Lantoro ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lantoro jẹ́ tẹ́lẹ̀, 1944 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tórí wọn dàrú lójú ogun Hítílà sí. Ọmọ tó ti lọ jà fún ọba òyìnbó, tó bá padà délé tára ẹ̀ ò yá, ilé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rí fún un. Inú mi kì í dùn tí mo bá ti rántí ìyẹn.

1954 ni Aro ṣí, ẹni tó sì jẹ́ olórí ẹ̀ ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo. Ọmọ Abẹ́òkúta níbí ni, 1923 ni wọ́n bí i, Baptist Boys' High School ló lọ, ó wá lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham nílùú ọba. Ìgbà tó dé, ilé ọsibítù ò tíì parí. Ẹlòmíì á ti jókòó máa retí kọńtírátọ̀. Lambo bọ́ sínú àwọn abúlé tó yí Aro ká, ó bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́, ó ní ẹ fún àwọn aláìsàn mi ní yàrá.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú kò gbọdọ̀ dá wá, ó gbọ́dọ̀ mú ẹbí ẹ̀ kan ó kéré tán dání, ìyá ni o, àbúrò ni o, ẹni tó máa se oúnjẹ, tó máa fọṣọ, tó máa sìn ín lọ ọsibítù láàárọ̀. Láàárọ̀ wọ́n á rí dókítà, wọ́n á gba oògùn. Tó bá dọ̀sán wọ́n á padà sábúlé, ẹni tó mọ oko á lọ síbi tí wọ́n ti ń roko, ẹni tó fẹ́ràn ijó á jó, ẹni tó bá jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí pé wọ́n dè wọ́n mọ́lẹ̀. Owó yàrá ń wọlé fún onílé. Ọsibítù tún ń yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n fi kọ́ yàrá kún ilé wọn, wọ́n bá wọn wá omi tó mọ́, wọ́n bá wọn ṣe ilé ìyàgbẹ́, wọ́n bá wọn lé ẹ̀fọn. Abúlé jèrè, aláìsàn náà jèrè. Lambo sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ò lè jẹ́ kẹ́nìkan gbọ́ pé àwọn ń ṣe.

Ohun tó fà á tí ìtọ́jú abúlé yìí fi ṣiṣẹ́ ò ṣòro láti rí. Ẹni tó ṣàìsàn ọpọlọ láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń pè é ní orúkọ ẹ̀, tó ń jẹ ọbẹ̀ ìyá ẹ̀, ojú ìlú ò ní jọ àjèjì lójú ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ padà sílé. Ẹni tẹ́ ẹ tì mọ́lé lọ́dún mẹ́ta, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un ni wàhálà míì máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ló wá wo Aro nítorí ẹ̀. Oṣù kọkànlá 1961, ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀, Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti ṣe é. Lambo lọ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó tún wá di igbákejì ọ̀gá pátápátá ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní Geneva lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá dárúkọ Aro, wọn kì í rẹ́rìn-ín, ìwé ni wọ́n ń mú jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ará Aro ló ṣílẹ̀kùn ilé fún ẹni táwọn ará ibòmíì ń sọ òkò lù. Èmi ò rí ohun ìtìjú ńbẹ̀. Ẹ̀yin náà ń gbébẹ̀, ẹ á ti máa rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá àgbàlagbà kan pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ àti káàdì ọsibítù tó ti gbó nínú náílọ́nù, ó di ọwọ́ ọmọkùnrin gìrìwò kan mú, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ wọ géètì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti padà sílé. Àwọn ọmọ tó ń mu igbó àti kódíìnì náà ti wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ńbẹ̀ báyìí, inú ilé olówó sì ni àwọn kan nínú wọn ti ń wá, kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín n'Íbàdàn máa fi ìyẹn sọ́kàn.

Ti Dàmọ́lá, ẹ lọ rí tíṣà ẹ̀. Ẹ má pariwo, ẹ kàn ní kí tíṣà jẹ́ kó sọ ìtàn ogun 1851 fún kíláàsì. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹnu ibodè òun ni wọ́n ti lé Dàhómì, àpèlé yẹn ò ní í dùn ún mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Abẹ́òkúta fi ní ọba tó pọ̀ tó báyìí? Ìlú kan ṣoṣo! Mo lọ ibi ayẹyẹ kan, wọ́n ń kí Kábíyèsí kan, wọ́n tún ń kí òmíràn, mo dọ̀bálẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé Ọbáńtokò

Ẹ kú ẹ̀yìn ríro o. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ ti mọ́ Aláàfin kan ṣoṣo lára, ẹ ò lè tètè mọ tiwa. Abẹ́òkúta ò bẹ̀rẹ̀ bí ìlú kan, àwọn ìlú tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kóra jọ sábẹ́ òkúta. Oníkálukú gbé orúkọ ìlú ẹ̀, òrìṣà ẹ̀, Ògbóni ẹ̀, Balógun ẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Kẹ́mta, Ìtòkò, Ìjẹmọ̀, Ìkìjà, Ìlúgùn, Ìjẹùn, orúkọ ìlú tó ti tú nínú igbó ni gbogbo wọn, kì í ṣe orúkọ àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. Bàbá kan ní Ìtòkò lè máa jà pẹ̀lú ará Kẹ́mta lórí ilẹ̀ tí kò ju fìlà gọ̀bì lọ lónìí, ìlú sí ìlú ni wọ́n ń fi ṣe.

Tẹ́ ẹ bá kó wọn jọ, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín sí. Ẹ̀gbá Aké ní Aláké, Òkè-Ọnà ní Ọ̀ṣílẹ̀, Gbágùrá ní Àgùrá, Òwu ní Olówu. Àwọn Òwu ò bá wọn dé lọ́jọ́ kan náà, 1834 ni wọ́n wá dara pọ̀. Ìbarà ní Olúbarà tiẹ̀, òun ò sí nínú mẹ́rin yẹn, nítorí náà ọba márùn-ún lẹ máa kà nínú ìlú. Ẹ sì wò ó, odidi ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi gbé abẹ́ Olúmọ kí wọ́n tó fi Aláké àkọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, Òkukẹ́nù, ní 1854. Kó tó dìgbà yẹn, Ògbóni àti olórí ogun ló ń darí ìlú. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí ará Abẹ́òkúta máa bá ọba sọ̀rọ̀ láìwolẹ̀ jù. Ìgbà táwọn obìnrin ìlú yìí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, ní àwọn ò san owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin mọ́, ìjà náà le débi pé Aláké Adémọ́lá kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Ó padà wá lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ àwọn obìnrin ti fi hàn án.

Tẹ́ ẹ bá tún lọ ayẹyẹ, ẹ wo ẹni tó pè yín, ọba àdúgbò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí. Àwọn yòókù, ẹ fi ẹyọ ìdọ̀bálẹ̀ kan kí gbogbo wọn pọ̀, wọn ò ní bínú.

Bàbá mi ní Láfẹ́ńwá ni rélùwéè Abẹ́òkúta wà, wọ́n tún ní láyé bàbá tiwọn Aro ni. Èmi, Ládẹ̀rìn ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Èkó. Ta ló ń parọ́ nínú wa? Akẹ́kọ̀ọ́, Aláàbàtà

Kò sẹ́ni tó ń parọ́, bàbá yín gan-an ló mọ ìtàn jù. 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Ìjọba Ẹ̀gbá dá dúró láyé ìgbà yẹn, ìwé àdéhùn 1893 wà lọ́wọ́ wọn, 1914 ni òyìnbó tó gba ìṣàkóso kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá, nítorí náà wọn ò kàn lè gba àárín ìlú Ẹ̀gbá kọjá bó ṣe wù wọ́n. Aro létí ìlú ni ọkọ̀ ń dúró. Ẹ tún rí Aro yín yẹn, ìyá Dàmọ́lá?

Láfẹ́ńwá ló wá gbajúmọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ojú irin yẹn ṣì wà ńbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, àwọn tó ń ta ata àti iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ti Ládẹ̀rìn tuntun ni, òun ló wà lórí irin gbọọrọ tí àwọn Ṣáínà ṣe láti Èkó lọ Ìbàdàn, 2021 ni wọ́n ṣí i, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ sítéṣọ̀n náà. Sítéṣọ̀n dáa, ó tutù, ilé ìtura ni yóò jọ lójú bàbá bàbá yín. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní sí i ni pé ó jìnnà sí ìlú, owó ọ̀kadà tẹ́ ẹ máa san dé ibẹ̀ lè fẹ́ máa bá owó tíkẹ́ẹ̀tì du ipò.

Mo ra àdìrẹ ní Ìtòkú, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó funfun. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó? Ìyàwó tuntun, Àsẹ̀rò

Ìyàwó, ẹ kú orí ire. Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ lóòótọ́, kò sí ibòmíì tó tó o, ṣùgbọ́n ayédèrú láti Ṣáínà ti kún ibẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ yí aṣọ náà padà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti ẹ̀rọ, iwájú ló máa ń dán, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣá. Ti ọwọ́, aró ti wọnú aṣọ, iwájú àti ẹ̀yìn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ tún wo àwọn àwòrán orí ẹ̀, tí òdòdó mẹ́wàá bá rí bákan náà láìsí èyí tó wọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ ni. Ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tó ń ti ìyẹ́ náà bọ inú ẹ̀kọ láfún tó sì ń yà á lọ sórí aṣọ, ọwọ́ ẹ̀ á gbọ̀n níbì kan. Oníko náà bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti so ó máa ń hàn, aṣọ á wú rúmúrúmú díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Kàmpálà tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe, ẹ gbóòórùn ẹ̀, àbẹ́là ò tíì kúrò lára ẹ̀ tán.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń tà á fún yín náà. Tí èékánná ẹ̀ bá dúdú bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ìkòkò aró, ẹ dúró bá a ná an.

Ojúlówó náà ń ṣí díẹ̀ o, ní fífọ̀ àkọ́kọ́, ẹ má pò ó mọ́ aṣọ ọkọ yín, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ sá a síbi òjìji. Èyí tẹ́ ẹ rà yẹn, ẹ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, ará Ìtòkú ò fẹ́ kí wọ́n pariwo orúkọ òun láàárín ọjà, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ fún yín.